Búlúù Kò Tíì Tó

Leeds,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní, 2024.

Bàbá mi àtàtà,

Mo kúnlẹ̀ kí yín o. Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún. Ṣé àlàáfíà ni ẹ wà? Ṣé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé yín ń ṣiṣẹ́? Ṣé ẹ̀yin àti Alàájì Àyúbà tó ń bá yín gé bébà ṣì ń bá ara yín jà lójoojúmọ́? Ẹ bá mi kí wọn. Ara mi le, òtútù ibí nìkan ni kò tíì mọ̀ pé ọmọ Ṣómólú ni mí.

Iṣẹ́ ń lọ déédéé ní ilé àwọn arúgbó tí mo ti ń tọ́jú wọn. Ṣùgbọ́n nǹkan mìíràn ló ń mú inú mi dùn tí mo fi ń kọ̀wé yìí. Mo ti wọ kíláàsì ìyàwòrán kan ní ilé-ìkàwé àdúgbò wa, ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ọ̀dà tí wọ́n ń fi omi pò ni à ń lò. Obìnrin tó ń kọ́ wa kò fún wa ju ọ̀dà mẹ́ta péré lọ: búlúù kan, pupa kan, yẹ́lò kan. Ó ní títí di oṣù kẹfà, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú ìkẹrin wọ yàrá náà, inú mẹ́ta yẹn la ó ti wá gbogbo ohun tí a bá fẹ́.

Àwòrán tó wà nínú àpò ìwé yìí ni mo kọ́kọ́ yà tó wù mí. Etí ọ̀sà Bàrígà ni, níbi tí ẹ máa ń mú mi lọ ra ẹja ní àárọ̀ Sátidé. Ǹ bá fi ránṣẹ́ lórí wasáàpù, àmọ́ mo mọ ohun tí ẹ ó sọ, pé fóònù kì í sọ òótọ́ nípa àwọ̀. Ní ìparí oṣù kẹfà, wọn yóò gbé àwòrán wa kọ́ sára ògiri ilé-ìkàwé kí àwọn èèyàn wá wò ó, ẹnì kan, àwòrán kan. Èyí ni mo fẹ́ gbé kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó dáadáa kí ẹ sọ òótọ́ fún mi. Mi ò mọ ẹni tó mọ àwọ̀ jù yín lọ.

Ọmọ yín,
Moyọ̀sọ́lá.


Ṣómólú,
30/1/2024.

Moyọ̀sọ́lá ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ dé, àwòrán náà dé, mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Olúwa pé ara rẹ le. Ohun tó kù, jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí lára mi.

Ọ̀dà mẹ́ta? Moyọ̀, ta ló jí dúdú? Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo ti ń tẹ̀wé ní Ṣómólú yìí, mẹ́rin la fi ń tẹ̀ ẹ́: búlúù, pupa, yẹ́lò, dúdú. Ẹni tó bá gbé mẹ́ta wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù, màá ní kó padà lọ wá ìkẹrin wá. Mo sọ fún Àyúbà, ó ní àfàìmọ̀ kó má jẹ́ pé ìyà ni wọ́n fi ń jẹ yín. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé ìpàdé àdúrà ọjọ́ Wẹ́sídeè. Ìyá Sabina fi ẹkún gba tìrẹ. Ó ní ọmọ tó fi Èkó sílẹ̀ lọ sí ìlú òyìnbó, wọ́n tún wá ń ka ọ̀dà fún un bí ẹran inú ọbẹ̀.

Ó wá kan àwòrán. Ọkọ̀ ojú omi yẹn dára. Afárá tó wà lọ́ọ̀ọ́kán dára, mo dá a mọ̀ kí n tó wọ gíláàsì mi. Ṣùgbọ́n ṣé ọ̀sà Bàrígà nìyí? Omi náà pọ́n bíi tíì tí wọ́n gbàgbé láti da mílíìkì sí. Búlúù kò tó. Fi búlúù kún un.

Má sì ṣe bẹ̀rù pé o ò ní ọ̀dà. Mo ti fi agolo ọ̀dà ìtẹ̀wé mẹ́rin rán Gbémisọ́lá ọ̀rẹ́ rẹ tó ń padà sí ọ̀dọ̀ yín lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, dúdú ni. Fi pamọ́ fún olùkọ́ rẹ.

Bàbá rẹ,
Samson Bámilóyè.


Leeds,
Ọjọ́ ogún, oṣù kejì, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ kú àdúrà, ẹ kú ìtọ́jú mi. Agolo mẹ́ta ló dé. Ìkẹrin ṣí sínú àpótí Gbémisọ́lá lójú ọ̀run, búlúù náà ni. Aṣọ iṣẹ́ rẹ̀ méjèèjì tó funfun báláú kò funfun mọ́. Gààrí Ìjẹ̀bú tí ìyá rẹ̀ dì fún un ti di búlúù. Kò tíì bá mi sọ̀rọ̀ láti ọjọ́ náà, àyàfi pé ó fi fọ́tò gààrí náà ránṣẹ́ sí mi láràárọ̀.

Bàbá mi, òróró ló wà nínú ọ̀dà ìtẹ̀wé, omi la fi ń po tiwa. Mo da díẹ̀ sómi láti fi tẹ́ yín lọ́rùn, ó ń léfòó lórí omi bí epo orí ọbẹ̀. Mo dúpẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má rán òmíràn mọ́.

Ẹ bá mi sọ fún Ìyá Sabina pé kì í ṣe ìyà o. Bí mo bá po búlúù àti pupa, tí mo kán yẹ́lò díẹ̀ sí i, dúdú á jáde, dúdú tó tún jinlẹ̀ ju ti inú agolo lọ. Bí mo bá da omi sí i, àwọ̀ eérú á jáde. Bí mo bá jẹ́ kí pupa pọ̀ díẹ̀, àwọ̀ ara wa gan-an nìyẹn. Nígbà tó sì jẹ́ pé inú mẹ́ta kan náà ni gbogbo wọn ti wá, wọ́n máa ń bára wọn mu nínú àwòrán, wọ́n á jọ ọmọ ìyá kan náà. Nígbà tí mo ní ọ̀dà mẹ́rìnlélógún, gbogbo wọn ló ń pariwo. Ẹ̀yin náà ṣáà mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ yín ni.

Mo ti tún un yà, mo sì fi búlúù kún un bí ẹ ṣe wí. Olùkọ́ mi béèrè ìdí tí mo fi ṣe bẹ́ẹ̀, mo ní bàbá mi ló sọ bẹ́ẹ̀. Ẹ gba èkejì, ẹ bá mi wò ó.

Moyọ̀sọ́lá.


Ṣómólú,
18/3/2024.

Moyọ̀,

Mo gbà pé mẹ́ta lè bí dúdú. Mo mọ̀ ọ́n, mo kàn fẹ́ mọ̀ bóyá wọ́n ń kọ́ ẹ ní tòótọ́ ni. Bá mi bẹ Gbémisọ́lá. Gààrí náà ṣì ṣeé jẹ, ojú lásán ló yí padà.

Búlúù kò tíì tó. Ṣé iná yàrá rẹ dára ṣá? Omi yìí ṣì pọ́n.

Ó sì dà bíi pé gbogbo ayé ni kò mọ búlúù mọ́. Èmi ni mo tẹ ìwé ètò àjọ̀dún ìjọ wa. Mo tẹ ìkíní jáde, ojú Pásítọ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú, mo bá fi búlúù kún un, mo tún fi kún un, títí ó fi wù mí. Ọjọ́ Sọ́ńdè, bí wọ́n ṣe pín ìwé náà báyìí, ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ láti ẹ̀yìn. Wọ́n ní ojú Pásítọ̀ dà bíi ti ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fà jáde láti inú ọ̀sà. Mo ní kí wọ́n lọ wo ojú ara wọn nínú dígí. Ọmọbìnrin kan láti Ọbanikóró, Mojíbọ́lá, tún kó káàdì ìgbéyàwó rẹ̀ padà wá bá mi, ó ní àwọ̀ ọsàn lòun sọ, òun ò sọ àwọ̀ ẹrẹ̀.

Èyí tó dùn mí jù ni pé àwọn díákónì ní àwọn yóò jókòó sọ ọ́ bóyá èmi ni màá tẹ kàlẹ́ńdà ọdún tó ń bọ̀. Èmi tí mo ti ń tẹ kàlẹ́ńdà ìjọ yẹn kí wọ́n tó bí òmíràn nínú wọn! Bí wọ́n bá gbà á lọ́wọ́ mi, gbogbo Ṣómólú ni yóò gbọ́, kò sì sí ẹni tí yóò tún gbé iṣẹ́ aláwọ̀ wá bá mi. Àyúbà rẹ́rìn-ín nígbà tí mo sọ fún un. A ti ń bára wa yan odì.

Fi búlúù kún un.

Bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kẹrin, 2024.

Bàbá mi,

Ẹ pẹ̀lẹ́ o, ẹ kú ìfaradà. Ọ̀rọ̀ àwọn díákónì yẹn dùn mí dé ọkàn.

Àwòrán kẹta nìyí. Mo ti da búlúù sí i débi pé ẹnì kan ní kíláàsì béèrè bóyá abẹ́ omi ni wọ́n ń gbé ní Bàrígà.

Mo tún ní iṣẹ́ kan fún yín gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá. Mo ya àpótí kéékèèké méjìlá sórí bébà kejì, mo fi ọ̀dà mẹ́ta mi kun gbogbo wọn, mo sì kọ nọ́ńbà sí wọn lábẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e jáde síta lójú ọjọ́, kí ẹ bá mi kọ orúkọ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan síwájú nọ́ńbà rẹ̀. Ẹ má bi Alàájì Àyúbà léèrè o. Tiyín nìkan ni mo fẹ́.

Moyọ̀sọ́lá.


Ṣómólú,
29/4/2024.

Moyọ̀,

Ta ni yóò bi Àyúbà léèrè àwọ̀? Ẹni tí kò mọ̀ ju pupa lọ, tó ń pe gbogbo ìyókù ní "èyí tí kò pupa"!

Mo ti fi báírò pupa máàkì iṣẹ́ rẹ. Ìkíní, pupa, ó dára. Ìkejì, àwọ̀ ọsàn, ó dára. Ìkẹta, àwọ̀ ilẹ̀, ó pọ́n jù. Ìkẹrin, dúdú. Ìkarùn-ún, dúdú náà, o ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì. Ìkẹfà, o gbàgbé láti kùn ún, bébà lásán ni. Ìkeje àti ìkẹjọ, àwọ̀ ewé ni méjèèjì, kí lo ń fi méjì ṣe? Ìyókù wà lórí bébà tí mo dá padà yìí. Mo fún ẹ ní márùn-ún nínú méjìlá. Má rẹ̀wẹ̀sì, èmi náà bẹ̀rẹ̀ níbì kan.

Àwòrán kẹta ti ń sún mọ́ ọn. Ó kù díẹ̀.

Bàbá rẹ.


Leeds,
Ọjọ́ kẹwàá, oṣù karùn-ún, 2024.

Bàbá mi tí mo fẹ́ràn,

Mo kúnlẹ̀, mi ò sì ní dìde títí ẹ ó fi kà á tán.

Kò sí dúdú kankan nínú bébà yẹn. Ìkẹrin, búlúù tó jinlẹ̀ ni. Ìkarùn-ún, àwọ̀ àlùkò ni. Ìkẹta tí ẹ pè ní àwọ̀ ilẹ̀, àlùkò tí mo fi omi là ni. Mi ò gbàgbé ìkẹfà, yẹ́lò ni mo fi kùn ún. Ìkeje jẹ́ àwọ̀ ewé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìkẹjọ jẹ́ búlúù, búlúù gidi, bó ṣe jáde látinú agolo rẹ̀.

Màmá arúgbó kan wà níbi iṣẹ́ wa tó fi ọdún kan bú àwọn tó ń fọṣọ, pé wọ́n ti sọ aṣọ funfun òun di yẹ́lò. Nígbà tí dókítà wò ó, nǹkan kan bíi kùrukùru ló ti bo ẹyinjú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀, tó sì pọ́n. Gbogbo ohun tó bá wò, inú kùrukùru yẹn ló ń gbà wò ó. Bó bá ṣe pẹ́ tó ni búlúù á máa sá lójú ẹni. Wọ́n yọ ọ́ fún un, ó ń ríran.

Bàbá mi, mi ò rò pé omi ọ̀sà ló pọ́n. Ojú Pásítọ̀ kò pọ́n rẹ́súrẹ́sú nígbà tí ẹ kọ́kọ́ tẹ̀ ẹ́. Ẹ fi búlúù kún un nítorí pé ẹ ò rí èyí tó ti wà níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ rí dókítà ojú.

Ọmọ yín.


Leeds,
Ọjọ́ kìíní, oṣù keje, 2024.

Bàbá mi,

Ó di ọ̀sẹ̀ keje. Mo pè yín nígbà mẹ́sàn-án. Ẹ gbé e lẹ́ẹ̀kan, ẹ ní "nẹ́tíwọ̀kì", ẹ sì pa á. Nẹ́tíwọ̀kì náà dára tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbọ́ ẹ̀rín Alàájì Àyúbà lẹ́yìn yín.

Bí ẹ bá ń bínú, ẹ kọ ìbínú náà ránṣẹ́. Mo fẹ́ rí ìkọ̀wé yín.

Moyọ̀sọ́lá.


Ṣómólú,
12-7-2024.

Ọmọ wa Moyọ̀sọ́lá,

Èmi Àyúbà agébébà ni mò ń kọ̀wé yìí, bàbá rẹ kò mọ̀. Mo kí ẹ o, Ọlọ́run á ṣọ́ ẹ níbẹ̀.

Ó ka lẹ́tà rẹ níwájú mi, ó pa á pọ̀, ó ní o fi òun ṣe ìdánwò bí ọmọ iléèwé, o tún jẹ́ kí òun fúnra òun máàkì ìkùnà òun. Mo rẹ́rìn-ín. Mi ò purọ́, mo rẹ́rìn-ín. Ìyẹn ló fa ìjà tuntun.

Ṣùgbọ́n gbọ́. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó fi pẹ́ńsù búlúù fàlà sí ibi tí mo máa gé lórí bébà. Ó gbé e fún mi, ó ní "Àyúbà, o ò rí i pé mi ò tíì fàlà?", ó sì tún fa òmíràn sí ibòmíràn. Mi ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Mo gé e sórí àkọ́kọ́.

Mo ní kó lọ rí dókítà. Ó ní ká ní ẹsẹ̀ ni, ilé ìwòsàn eegun Ìgbóbì nìyí nítòsí, òun ì bá ti lọ, àmọ́ ojú kì í ṣe ohun tí èèyàn ń gbé fún ẹnikẹ́ni pé kó fi abẹ kàn. Ó ní, "Bí wọ́n bá bà á jẹ́ ńkọ́? Kí ni mo tún mọ̀ ọ́n ṣe?" Ẹ̀rù ló ń bà á, ọmọ mi, kì í ṣe ìbínú. Kúnlẹ̀ sórí bébà dáadáa kí o kọ̀wé sí i.

Má sọ pé èmi ni mo sọ fún ẹ o. A ò tíì bára wa sọ̀rọ̀ láti Túsìdeè.

Àyúbà.


Leeds,
Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n, oṣù keje, 2024.

Bàbá mi,

Mo tọrọ àforíjì. Kò yẹ kí n fi yín ṣe ìdánwò láìsọ fún yín. Ẹ̀rù ló bà mí láti béèrè lójúkojú, mo wá gba ẹ̀yìn wọlé.

Ẹ̀rù yẹn ṣì ń bà mí. Bí ẹ ò bá lọ, kùrukùru náà kò ní dúró sórí ọ̀rọ̀ àwọn díákónì nìkan. Lónìí búlúù ni, lọ́la ó lè jẹ́ ojú pópó tí ẹ fẹ́ sọdá. Mo jìnnà, mi ò lè di yín lọ́wọ́ mú. Ẹ lọ nítorí tèmi, bí ẹ ò bá fẹ́ lọ nítorí tara yín. Kí wọ́n ṣe ojú kan ṣoṣo ná, èkejì á dúró sílé máa ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù.

Wọ́n ti gbé àwòrán wa kọ́. Ẹ̀kẹta ni mo gbé kọ́, mo tún un yà gẹ́gẹ́ bó ṣe wà lọ́wọ́ yín. Ẹnì kan ṣoṣo ló dúró níwájú rẹ̀. Ó ń béèrè ibi tí ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà.

Ọmọ yín tó wà lórí ìkúnlẹ̀.


Ṣómólú,
11/8/2024.

Moyọ̀sọ́lá,

Àyúbà ti jẹ́wọ́. Ó ní òun kò kọ lẹ́tà kankan sí ẹ, nígbà tí ẹnikẹ́ni kò tíì bi í.

Mo ń lọ rí dókítà lọ́jọ́ Mọ́ńdè kí ẹ̀yin méjèèjì lè jẹ́ kí n sinmi. Bí wọ́n bá ní ojú mi dára, ìwọ yóò kọ lẹ́tà ìtúúbá, a ó sì kà á níwájú ìjọ, lẹ́yìn ìfilọ̀. Mo ti sọ fún akọ̀wé kó fi àyè sílẹ̀.

Bàbá rẹ.


Ṣómólú,
6/10/2024.

Moyọ̀ ọmọ mi,

Akọ̀wé ti fi àyè yẹn ṣe nǹkan mìíràn.

Ojú ọ̀tún ni wọ́n ṣe. Kò tó bí èèyàn ṣe ń jẹun tán, wọ́n ní ó ti parí. Mi ò gbà wọ́n gbọ́ títí wọ́n fi ṣí i lọ́jọ́ kejì. Moyọ̀, mo bo ọ̀tún, mo fi òsì wò. Mo bo òsì, mo fi ọ̀tún wò. Nọ́ọ̀sì ní kí n yéé ṣeré. Búlúù ojú ọ̀run wà níbẹ̀ gbogbo ìgbà yìí!

Ohun tí mo rí lẹ́yìn ìyẹn, ìtìjú lásán ni. Ẹ̀wù funfun tí mo ń wọ̀ lọ síbi oúnjẹ Olúwa láti ọdún méjì sẹ́yìn, búlúù fẹ́ẹ́rẹ́ ni. Gbogbo ìjọ á wọ funfun, èmi á jókòó sáàárín wọn pẹ̀lú búlúù, wọ́n rò pé oríkunkun ni. Láti ìgbà tí ìyá rẹ ti kú, kò sí ẹni tó ń wò mí kí n tó jáde nílé. Mo mú ìwé àjọ̀dún wò, mo rí ojú Pásítọ̀, mo rẹ́rìn-ín títí Àyúbà fi sáré wọlé. Mo lọ bẹ Pásítọ̀ fúnra mi. Ó ní òun ti dárí jì mí tipẹ́, pé ìyàwó òun ló kù. Kàlẹ́ńdà ṣì wà lọ́wọ́ mi, ṣùgbọ́n títí wọn yóò fi ṣe òsì, Àyúbà gbọ́dọ̀ bá mi wo àwọ̀ kí n tó tẹ̀ ẹ́. Àyúbà! Àwọn díákónì ló sọ bẹ́ẹ̀, mo sì gbà.

Lánàá ni mo wá tẹ́ àwòrán mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí tábìlì Àyúbà níta. Ìkíní kò pọ́n. Búlúù rẹ̀ tó. Àárọ̀ ni, oòrùn kò tíì le, yẹ́lò díẹ̀ wà lórí omi níbi tí ọkọ̀ ti ń bọ̀. Kò sí ohun tó yẹ kí ẹnikẹ́ni fi kún un. Mo wo èkejì, mo wo ẹ̀kẹta, mo rí ohun tí o ṣe. Ojú tìrẹ dá ṣáká. O rí i pé ó pé, o sì ń bà á jẹ́ díẹ̀díẹ̀ nítorí pé èmi ni mo sọ̀rọ̀, o tún wá gbé èyí tó bàjẹ́ jù kọ́ síwájú àwọn èèyàn, kí ọ̀rọ̀ mi má baà bọ́ sílẹ̀. Ó dùn mí, ọmọ mi. Omi bọ́ lójú mi. Dókítà ní kí n má jẹ́ kí omi kan ojú náà, mi ò mọ̀ bóyá irú èyí wà lára rẹ̀.

Bọ̀wọ̀ fún mi nínú ohun mìíràn gbogbo. Ṣùgbọ́n bí mo bá tún bá ẹ wí lórí àwòrán, kọ́kọ́ bi mí léèrè ìgbà tí mo rí dókítà kẹ́yìn. Bí mi ò bá rí èsì fún ẹ, ohun tí ojú rẹ rí ni kí o yà.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.